Orin Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Gbè

Bí ọmọ yìí bá tún kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, Rebecca, màmá àgbà rẹ̀, á gbé fóònù yẹn jù sí kànga. Ohun tí ó ń sọ nínú ara rẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn, ó sì ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí iṣu tuntun ti dé. Ohun tí kò jẹ́ kí ó jù ú ni pé fóònù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Mísì Ayọ̀kúnmi ni, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí ó háyà yàrá iwájú nínú ilé rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà. Ẹni tí ń kí èèyàn lórí ìkúnlẹ̀ láràárọ̀, tí ń bá èèyàn pọnmi láìbẹ̀ ẹ́, a kì í ju fóònù rẹ̀ sí kànga.

"Ta ló wà lábẹ́ ewé iṣu?"

Abẹ́ tábìlì ni ohùn náà ti jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Màmá dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí tí ó ń bó. Ó mọ̀ pé ọmọ náà ń kà á sínú: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Bí ó bá ti di ẹẹ́rin, á mí kanlẹ̀, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Láàárín oókan sí ẹẹ́rin yẹn ni inú Màmá máa ń gbóná bí ààrò.

"Àràmídé!"

"Mà?"

"Orin mélòó ni mo ti kọ́ ẹ láti ọjọ́ tó o ti dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ó pọ̀, Mà."

"Ó pọ̀. Orin Jésù wà níbẹ̀. Orin ABD wà níbẹ̀. Orin ká fọ eyín wà níbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ orin ẹyẹ oko yìí nìkan ló wọ̀ ẹ́ létí?"

Ọmọ náà yọ orí jáde, ó ronú díẹ̀. "Àwọn yẹn ti parí," ó ní. "Èyí ò tíì parí."

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Dámilọ́lá, àkọ́bí Màmá, ló bí i. Dámilọ́lá kú sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn nínú oṣù kejì ọdún, kíndìnrín ni, ó sì jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Obadiah ọkọ rẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbé ọmọ náà wá fún Màmá pẹ̀lú báàgì aṣọ méjì. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó ní, "Màámi ẹ rìnrìn àjò." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ ń wí pé ìrìn àjò ni. Fọlábí, àbúrò olóògbé, ní ìrìn àjò ni. Nígbà tí ọmọ náà wá yíjú sí Màmá, Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìrìn àjò ni."

Màmá tí a ń wí yìí, ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà, ní Ìdèrè, ní Igangan, ní Èrúwà, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó bá ọ̀gá ilé ìwé kan jà rí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé ọ́fíìsì ìjọba, nítorí pé ọ̀gá náà ní kí ó fi àmì "ó wá" sí orúkọ ọmọ tí kò wá. Títí di òní, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sọ́ńdè Sùkúù ìjọ wọn. Bí ọmọ bá purọ́ ní kíláàsì rẹ̀, a ó ní kí ó dìde kí ó wí i síta kí ó tó jókòó. Obìnrin yìí ló wá fi oṣù mẹ́jọ gbé irọ́ kan kiri bí aboyún.

Inú àwòrán tí ń rìn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kátúùnù, ni orin náà ti wá, lórí fóònù Mísì. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbé apá kan jáde, mẹ́tàlá sì ni gbogbo rẹ̀. Wẹ́wẹ́ ni orúkọ ọmọ àparò inú rẹ̀. Ní apá kìíní, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nínú oko iṣu. Bí ìyá bá jẹ̀ lọ tí ó padà dé, á dá orin: "Ta ló wà lábẹ́ ewé iṣu?" Wẹ́wẹ́ á gbè é: "Èmi ni, ìyá, èmi ni." Orin náà yá lọ́jọ́ yẹn, ó ń fò fẹ̀rẹ̀, Màmá fúnra rẹ̀ mi orí sí i kí ó tó rántí ara rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn ọdẹ tiná bọ igbó, iná sì ya ìyá nípa, ó ya ọmọ nípa. Láti ìgbà náà lọ, ibi tí ẹ̀rù bá ti ba Wẹ́wẹ́, ìbáà ṣe àwòdì ló ń rà bàbà lókè, ìbáà ṣe òjò ló ń pa á, òun ló ń dá orin tí ìyá rẹ̀ ń dá. "Ta ló wà lábẹ́ ewé iṣu?" Ohùn á dúró. Ohun èlò á dúró. Kò sí ẹni tí yóò gbè é. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹyẹ náà á gbọn ìyẹ́, á tún máa rìn lọ.

Màmá mọ orin, òun ló ń ṣíwájú ẹgbẹ́ akọrin kí ohùn rẹ̀ tó há. Ó mọ̀ pé ẹni tó ṣe nǹkan yìí gbọ́n, ọgbọ́n náà gan-an ló sì ń bí i nínú. Bí ìtàn ti ń lọ ni wọ́n ń fa orin náà gùn, tí wọ́n ń yọ ohun èlò kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ohùn ọmọdé lásán. Ṣé irú èyí ni wọ́n ń fún ọmọ wò? Nígbà tiwọn, bí apàlọ́ bá dá orin, gbogbo agbo ló ń gbè, títí kan ẹni tí oorun ń kùn. Ta ló wá ń kọ́ ọmọ pé kí ó dá orin, kí ó wá jókòó ti ìdákẹ́jẹ́?

Ìyá Mùnírátù ló kọ́kọ́ gbìyànjú àtigbè é. Aládùúgbò wọn ni, ẹ̀bá ọ̀nà níwájú ilé ló ti ń din dùǹdú, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àràmídé dá orin rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, Ìyá Mùnírátù sì fi ohùn imú dáhùn láti ìdí agbada: "Èmi ni, ìyá, èmi ni!" Àwọn tó ń ra dùǹdú bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jáde wá. Ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀yin!" ló fi igbe ta. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín!" Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbiri nínú eruku, ó sunkún títí ó fi bì.

"Màmá Fọlábí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ni mo ṣe?" ni Ìyá Mùnírátù ń wí, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Orin lásán ni mo gbè!"

"Má gbè é mọ́."

"Àsitagafurulahi. Ṣé orin náà ti di ohun tí à ń bọ ni?"

Láti ọjọ́ náà ó di òfin. Oníbàárà tó bá jókòó pẹ́ nídìí agbada, Ìyá Mùnírátù á rọra sọ fún un pé, "Ẹ ra dùǹdú o, ẹ fata sí i, ṣùgbọ́n bí orin kan bá jáde nínú ilé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbè é."

Ẹ gbọ́ orúkọ tí ó pè é. Màmá Fọlábí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni gbogbo ìlú fi ń pe Rebecca ní Màmá Dámilọ́lá. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Dámilọ́lá, wọ́n pa orúkọ náà dà. Kò sí ẹni tó pe ìpàdé lé e lórí, kò sí ẹni tó bi í. Ó kàn rí i pé gbogbo èèyàn, láti orí àlùfáà dé orí alágbàdo, ti fò kọjá àkọ́bí sórí èkejì. Àánú ni wọ́n fi ṣe, ó mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá pè é, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, òun kàn ń bá onítọ̀hún jẹ́ ẹ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú apá tí ó kẹ́yìn, Màmá dúró níwájú kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Ìbejì ìyá mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, èyí tí ó túmọ̀ sí ariwo ọ̀nà mẹ́fà.

"Ta ló ní ẹ̀rí láti jẹ́?"

Táyé kan dìde, ó dúpẹ́ pé ewúrẹ́ wọn bímọ. Kẹ́hìndé rẹ̀ dìde, ó dúpẹ́ lórí ewúrẹ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni Àràmídé dìde, ó tún yẹ̀rì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ yin Olúwa."

"Halelúyà!"

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí pé màámi ń bọ̀ láti ìrìn àjò ní Sátidé."

"Halelúyà!" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ gbàmùgbàmù. Ní ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ìyá ọmọ bíi mẹ́rin jókòó sí, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń bọ̀?" ni Màmá béèrè. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Mà. Ẹ̀yin lẹ ní ìgbàgbọ́ ni kéèyàn dúpẹ́ kó tó rí i."

Òótọ́ ni. Òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó.

Bí wọ́n ti ń rìn bọ̀ wálé, ọmọ náà tò ó fún un bí ẹni ń ka ìṣirò: Sátidé tó ń bọ̀ ni apá tó kẹ́yìn. Nínú apá tó kẹ́yìn, ìyá Wẹ́wẹ́ máa gbe orin náà. Tí ìyá Wẹ́wẹ́ bá ti gbè é, ìrìn àjò parí nìyẹn, gbogbo ìyá á padà sílé.

"Gbogbo ìyá wo?"

"Àwọn tó rìnrìn àjò."

Màmá ò dúró bọ́ gèlè kí ó tó kan ìlẹ̀kùn Mísì Ayọ̀kúnmi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wà nínú apá tó kẹ́yìn kátúùnù yẹn?"

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Wọn ò tíì gbé e jáde, Mà."

"Ìyá ẹyẹ yẹn, ṣé á dáhùn àbí kò ní dáhùn?"

Ayọ̀kúnmi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Á dáhùn, Mà. Ti ọmọdé ni. Wọn kì í jẹ́ kí ti ọmọdé parí síbi tí kò dáa."

"Ta ló fún wọn láṣẹ?"

Màmá sọ ẹ̀rí tí ọmọ náà jẹ́ fún Mísì, ẹ̀rín sì kú lójú rẹ̀. Ó ní bóyá kí òun pa fóònù, kí òun sọ pé dátà tán. Màmá ní irọ́ kejì nìyẹn. Ó padà sí yàrá, ó pe Fọlábí ní Èrúwà, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

"Màámi, kékeré ni," ni Fọlábí wí. "Ní Sátidé, ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ẹ́ wọ̀ bọ̀."

"Fọlábí, kí n wá sọ kí ni ní Sátidé kejì? Pé mẹkáníìkì ò rí páàtì rà?"

"Ẹ̀yin náà ẹ má bínú, ọmọdé ni, á gbàgbé."

"Ìwọ tó o ti pé ọgbọ̀n ọdún, ṣé o ti gbàgbé?"

Màmá pa fóònù.

Ó fẹ́ sọ ọ́ ní Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń jẹun, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ba oúnjẹ jẹ́. Ní Túsìdeè ara ọmọ gbóná díẹ̀. Ní Wẹ́sìdeè ó pè é jókòó, ó ní, "Àràmídé, ṣé o mọ̀ pé Ọlọ́run máa ń mú àwọn kan…" ọmọ náà sì ní, "Lọ bíi Èlíjà, nínú kẹ̀kẹ́ iná!" inú rẹ̀ dùn pé òun mọ ìdáhùn. Màmá fún un ní ẹ̀pà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nígbà tí Dámilọ́lá wà ní ilé ìwòsàn, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí eékún yìí. Ó dìde níwájú ìjọ, ó dúpẹ́ kí ó tó rí i, ó ní ọmọ òun ti gba ìwòsàn ná. Láti ìgbà náà, ó ṣì ń gbàdúrà ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ó ń gbàdúrà fún ìjọba, fún àwọn arìnrìn-àjò, fún òjò. Ọ̀rọ̀ Dámilọ́lá nìkan ni kò bá Ọlọ́run sọ mọ́. Bí èèyàn bá béèrè, tí Ó bá wá dákẹ́ ńkọ́?

"Olúwa," ó ní, "kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?"

Ó dúró. Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn ilé. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ara rẹ̀ tí ó ń kà á sínú: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Inú bí i, ó fi ọwọ́ ti ibùsùn, ó dìde. Orin ọmọ àparò ti wọ inú àdúrà òun náà.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, Ayọ̀kúnmi fi fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì. Àràmídé ti wẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí. Aṣọ ìjọ́sìn ló wọ̀.

"Àràmídé, kó o tó wò ó," ni Màmá bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n wò ó. Wẹ́wẹ́ ti dàgbà díẹ̀. Ó dé oko kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè rẹ̀, iṣu ti ń yọ ọwọ́, ó sì dá orin náà pẹ̀lú ohùn tí ó ti há. Ohùn dúró. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Ó kọjá ẹẹ́rin. Màmá rí ọrùn ọmọ náà tí ó le gan-an. Lẹ́yìn náà, láti òkèèrè, ohùn àgbà kan, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Èmi ni, ọmọ, èmi ni." Ìyá àparò jáde lábẹ́ ewé, ó ń tiro, iná ti jẹ ìyẹ́ rẹ̀ kan. Gbogbo ohun èlò tí wọ́n ti yọ láti ọjọ́ yìí wá padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí òjò tí ń já lu páànù.

Ayọ̀kúnmi ń sunkún gidi. Orin náà wọ Màmá fúnra rẹ̀ lára, èyí sì tún dá kún ìbínú rẹ̀. Kí ló kan ẹyẹ? Ṣé ẹyẹ ló gbààwẹ̀?

Àràmídé ò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó dìde bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó wọ bàtà, ó jáde lọ sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí Màmá dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà ti dúró nítòsí agbada Ìyá Mùnírátù, ó kọjú sí ọ̀nà Ìbàdàn.

"Ta ló wà lábẹ́ ewé iṣu?"

Ọ̀kadà kan kọjá. Ìyá Mùnírátù fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ó tún dá a, ó pariwo sí i. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ kọjá, dẹ́rẹ́bà fun fèrè sí i. Ó dá a lẹ́ẹ̀kẹta, igbe ló fi dá èyí.

Màmá rìn lọ bá a. Eékún rẹ̀ ò fẹ́ tẹ̀, ó fi tipátipá jókòó sínú eruku.

"Kò ní gbè é, Àràmídé."

"Wọ́n jìnnà ni. Wọn ò gbọ́."

"Kì í ṣe jíjìnnà. Màámi ẹ ti kú."

"Ye, Màmá Fọlábí!" Ìyá Mùnírátù ju ṣíbí sílẹ̀. "Ọmọdé lẹ ń sọ irú ẹ̀ fún?"

"Panu mọ́, jàre. Màmá Dámilọ́lá ni mò ń jẹ́."

Ọmọ náà ń wò ó. "Ẹ ní wọ́n rìnrìn àjò."

"Mo purọ́."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Bàbá ẹ náà purọ́, Ańkù Fọlábí náà purọ́, ṣùgbọ́n èmi ni tíṣà, tèmi ló burú jù. Àìsàn ló pa á ní Ìbàdàn. A gbàdúrà, ó sì kú."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ti sin ín."

"Níbo?"

Màmá ò mọ̀. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé Dámilọ́lá lọ, inú yàrá ni wọ́n fi Màmá sí pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ mẹ́rin tí ń kọrin sókè kí ó má baà gbọ́ ìró ọkọ̀. Nígbà tí Fọlábí ti ibi ìsìnkú dé, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lóde kí ó tó wọlé, Màmá kò sì bi í ní nǹkan kan láti ọjọ́ náà.

"N ò mọ̀," ó ní.

Ojú ọmọ náà yí padà. "Ẹ tún ń purọ́."

Kò sí igbe nínú rẹ̀, ó kàn sọ ọ́ ni, bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn. Màmá sì rí i kedere pé bí ìlẹ̀kùn yìí bá tì, ohunkóhun tí òun bá sọ fún ọmọ yìí láti òní lọ, ìbáà ṣe nípa ìyá rẹ̀, ìbáà ṣe nípa Jésù, kò ní wọlé mọ́.

"Ayọ̀kúnmi!" ó kígbe. "Pe Fọlábí fún mi. Ní kó wá báyìí báyìí. Kó mú àdá lọ́wọ́."

Kò tó wákàtí kan tí Fọlábí fi dé lórí ọ̀kadà, ṣòkòtò funfun ló wọ̀, òde ló ń lọ. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí wọ́n pè é fún, ó bọ́ fìlà.

"Màámi, èèwọ̀ ni."

"Ẹsẹ Bíbélì wo?"

"Kì í ṣe ti Bíbélì. Kí ni àwọn èèyàn máa wí?"

"Wọ́n á ní Rebecca lọ wo ibi tí ọmọ ẹ̀ wà. Ṣé irọ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ lọ nìkan."

"Èmi ló pè lónírọ́, kì í ṣe ìwọ. Bọ́ sí iwájú."

Itẹ́ òkú ìjọ wà ní ọ̀nà Ìdèrè. Òjò ọdún yìí pọ̀, koríko ti mu èèyàn dé ìgbáròkó. Fọlábí ń fi àdá pa ọ̀nà, ó ń kùn, èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò funfun rẹ̀ jákèjádò. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì oníbíríkì kan, ó wọ̀tún, ó wòsì.

"Ibí yìí ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Nígbà tí a sin wọ́n, kò sí koríko rárá. A ò fi àmì kankan sí i nítorí yín."

Òkìtì kékeré kan ni, tí koríko fi ṣe ilé. Màmá ti rò pé bí òun bá dé ibí, òun á ṣubú, kò sì ṣubú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ gidigidi.

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ wa?" ni Àràmídé béèrè.

Màmá ní ìdáhùn fún ìbéèrè yìí. Ó ti fún ogunlọ́gọ̀ ọmọ ní ìdáhùn náà, ó mọ ọ́n sórí. Ó wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"N ò mọ̀," ó ní. "Mo gbà gbọ́ pé á jí lọ́jọ́ kan. Mo dì í mú. Ṣùgbọ́n pé ó ń gbọ́ wa báyìí, n ò mọ̀."

Ọmọ náà mi orí, ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì le padà.

"Kì í ṣe ibí. Ó kéré. Màámi ga jù báyìí lọ."

"Ọlọ́run mi!" Fọlábí fi àdá lélẹ̀. "Koríko ló bò ó, Àràmídé. Ó gùn."

"Kò gùn."

"Èmi gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń…"

"Fọlábí, fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ro ó," ni Màmá wí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ro ó. Fọlábí ń fi àdá bẹ́ ẹ, Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tu èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ le, ọmọ náà ń kó o lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oòrùn mú. Kò sẹ́ni tó kọrin. Díẹ̀díẹ̀ ni etí ibojì náà ń yọ, ó gùn sí ìhà tí wọn kò rò, títí ó fi hàn síta tán, ilẹ̀ pupa, ó nà gbọọrọ.

Àràmídé bọ́ bàtà. Ó gbé gìgísẹ̀ lé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan ti ẹsẹ̀ kejì lẹ́bàá ibojì náà, láìyára, títí ó fi dé òpin. Ó yí padà, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ó tó wọn," ó ní.

Ìgbà náà ni ẹkún dé. Màmá fà á mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ tí eruku kún, òun náà ń sunkún, ó sì ń bá Fọlábí sọ̀rọ̀ láti orí ọmọ náà pé kí ó má dúró síbẹ̀ bí òpó, kí ó lọ wá bíríkì mẹ́rin, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun.